Jíìnì APOL1: ṣé lóòótọ́ ni pé kíndìnrín àwa Yorùbá wà nínú ewu?

Ọ̀rọ̀ jíìnì APOL1 yìí (jíìnì ni ìtọ́sọ́nà tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, tó ń sọ bí ara ṣe máa ṣiṣẹ́) ti ń lọ tipẹ́ láàárín àwọn dókítà, àmọ́ ó ti wá wọ orí WhatsApp báyìí, ibẹ̀ ló ti wá dà rú. Ẹlòmíì á ní òyìnbó ti rí jíìnì tó ń pa kíndìnrín aláwọ̀ dúdú, ẹlòmíì á ní oògùn ẹ̀ ti jáde, ẹlòmíì á ní ká tètè lọ yẹ ara wa wò kó tó pẹ́ jù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú gbogbo ẹ̀ o, àsọdùn náà sì wà níbẹ̀ bámúbámú. Ohun témi rí síbẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n fẹ́ fi jíìnì kan náà ṣe: wọ́n fẹ́ máa fi mọ ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ máa bàjẹ́, wọ́n sì tún fẹ́ ṣe oògùn tó máa dojú ìjà kọ ọ́. Iṣẹ́ kejì yẹn ló dáa sí jù. Ti àkọ́kọ́ yẹn, pàápàá láàárín àwa ọmọ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ oore tí jíìnì yìí ń ṣe wá, torí tí èèyàn ò bá mọ ìyẹn, ìyókù ò ní yé e. Orí kúrómósómù 22, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn okùn tí jíìnì máa ń wà lórí ẹ̀, ni APOL1 wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèyàn ló ní i, òyìnbó, ará Ṣáínà, àwa náà. Pùròtéènì tó ń ṣe máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń bá HDL rìn, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń sọ pé ó dáa yẹn. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó pa kòkòrò trypanosome tí eṣinṣin tsetse máa ń kó sí èèyàn lára. Ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ kan ní Brussels fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́ náà. Kòkòrò yẹn á gbé pùròtéènì yìí mì láìmọ̀, pùròtéènì á dá ihò sí i lára láti inú, kòkòrò á wú, á sì bẹ́. Ìdí nìyẹn tí oríṣi trypanosome tó ń pa màlúù ò fi rí èèyàn gbé ṣe. Eṣinṣin kan náà lè jẹ darandaran kó jẹ màlúù ẹ̀, màlúù á máa rù títí á fi kú, darandaran á kàn yún ara tán ni, ó parí.

Àmọ́ oríṣi kòkòrò méjì ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yẹ APOL1 sílẹ̀, rhodesiense ní ìlà-oòrùn Áfíríkà àti gambiense ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Àwọn ló ń fa àìsàn oorun tó kó ìdààmú bá Áfíríkà láyé àtijọ́. Bí kòkòrò ṣe gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ara èèyàn náà gbọ́n tẹ̀ lé e. Láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni jíìnì yìí ti yí padà lára àwọn baba ńlá wa, oríṣi méjì ló sì di, wọ́n ń pe ọ̀kan ní G1, wọ́n ń pe ìkejì ní G2. G2 máa ń borí rhodesiense. Ní ti gambiense, ẹni tó bá ní G1 lè gbé kòkòrò náà sára láìdùbúlẹ̀ àìsàn rárá. Ẹni tó ní i yè, ó bímọ, ọmọ ẹ̀ náà yè, báyẹn ló ṣe di púpọ̀ láàárín wa. Gbogbo wa ṣáà mọ ọ̀rọ̀ AS àti ibà. Ohun kan náà nìyẹn, oore tó ní gbèsè lẹ́yìn. Kíndìnrín sì ni gbèsè ti APOL1 já lé lórí.

Bí wọ́n ṣe rí i gan-an kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ó ti pẹ́ táwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ń rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ń dé orí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ju àwọn òyìnbó lọ fíìfíì. Wọ́n ní ìṣẹ́ ni, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní wọn ò tètè lọ sọ́sibítù. Lóòótọ́ ni o, gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó láti ṣàlàyé ẹ̀ tán. Lọ́dún 2008, wọ́n kéde pé àwọn ti rí jíìnì tó wà nídìí ẹ̀, MYH9. Kò pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yí padà, àṣé aládùúgbò MYH9 ni ọ̀daràn, ilé tó tẹ̀ lé tiẹ̀ gan-an ni APOL1 wà. Ohun tó sì tú àṣírí yẹn ni ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn. Ní bíi ogún ọdún ó lé sẹ́yìn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Yorùbá 30 n'Ìbàdàn, bàbá, ìyá àtọmọ, 90 èèyàn lápapọ̀, fún iṣẹ́ HapMap tó fẹ́ ya àwòrán jíìnì gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ jíìnì níbi gbogbo láyé ló mọ̀ wọ́n sí YRI, ìyẹn Yorùbá Ìbàdàn, kì í ṣe torí pé wọ́n mọ Ọjà Ọba o, torí pé orúkọ yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà gbogbo wọn ni. Nígbà tí wọ́n wá gbé jíìnì àwọn ará Ìbàdàn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn ará Yúróòpù, G1 àti G2 yọ jáde kedere. G1 wà lórí bíi 4 nínú gbogbo ẹ̀dà jíìnì 10 tí wọ́n yẹ̀ wò lára àwọn Yorùbá yẹn, G2 ò tó 1 nínú 10, àmọ́ lára àwọn ará Yúróòpù, Japan àti Ṣáínà tí wọ́n yẹ̀ wò, kò sí ẹyọ kan. Ọdún 2010 ni ìyẹn jáde nínú ìwé ìròyìn Science.

Nítorí náà, ẹni tó bá pè é ní jíìnì aláwọ̀ dúdú, ó ti ṣi í pè. Àwọn ará Ethiopia dúdú bíi tiwa, G1 àti G2 ò sí lára wọn, wọ́n tiẹ̀ ti kíyè sí i pé irú bíbàjẹ́ kíndìnrín tí HIV máa ń fà ò jà lọ́dọ̀ wọn bó ṣe ń jà níbòmíì. Jíìnì ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lèyí, Yorùbá, Ìgbò, Akan, àtàwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, Brazil àti àwọn erékùṣù Caribbean. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, bíi 13 nínú 100 ló ní ẹ̀dà méjì.

Ẹ̀dà méjì yẹn ló ṣe pàtàkì. Bíi jẹ́nótáìpù ni, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó bá ní G1 méjì, tàbí G2 méjì, tàbí G1 kan àti G2 kan, òun ni wọ́n ń sọ pé ewu ẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ní ẹyọ kan, wọ́n ti ń sọ fún un láti ọdún 2010 pé kó lọ fọkàn balẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn ti mì díẹ̀. Ní October 2024, ìwádìí ńlá kan jáde nínú New England Journal of Medicine, èèyàn 8,355 láti Nàìjíríà àti Ghana, àwa fúnra wa la sì wà nídìí ẹ̀: Rasheed Gbadegesin tó wà ní yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, Akinlolu Ojo, Samuel Ajayi n'Ìbàdàn, Ifeoma Ulasi nílẹ̀ Ìgbò, Dwomoa Adu ní Ghana, àtàwọn míì nínú H3Africa, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìwádìí jíìnì àti àìsàn ní Áfíríkà. Wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 nínú 100 tó ní ẹ̀dà méjì, 43 nínú 100 sì ní ẹyọ kan. Ẹ ro ó pọ̀ wò, ó ju 70 lọ nínú 100 tó ní ó kéré tán ẹyọ kan. Wọ́n tún rí i pé ẹni tó ní méjì, àìsàn kíndìnrín fi bíi ìdá 25 nínú 100 súnmọ́ ọn ju ẹni tí kò ní lọ, ẹni tó ní ẹyọ kan náà sì ní ìdá 18 tiẹ̀. Ní ti FSGS, ìyẹn irú èyí tí àpá máa ń wà káàkiri ibi tí kíndìnrín ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìdá 84 fún ẹni tó ní méjì, 61 fún ẹni tó ní ẹyọ kan.

Ibí ni mo ti ní ká rọra. Tí mo bá dúró ní Dùgbẹ̀ lónìí tí mo yẹ èèyàn 100 wò, nǹkan bí 30 ni mo máa pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀dà méjì. Kí ni mo wá fẹ́ sọ fún wọn? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa dàgbà, wọ́n máa ṣe ìyá àgbà àti bàbá àgbà, wọn ò ní mọ ojú ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Àmì tó wà lára ìdá mẹ́ta èèyàn ìlú tí ò sì lè nàka sí ẹni tó máa ṣàìsàn nínú wọn, ẹ̀rù ló máa pín kiri ju ìmọ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀dà méjì máa ń sọ ewu FSGS di ìlọ́po 17, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìwádìí yẹn ò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń fa ìdí ẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ohun tó dájú ni pé jíìnì yìí kì í sábà dá nìkan jà, ó máa ń dúró de nǹkan tó máa tì í. HIV ló burú jù. Ní South Africa, nígbà tí wọ́n yẹ àwọn tí HIV ti ba kíndìnrín wọn jẹ́ wò, ewu tó wà lára ẹni tó ní ẹ̀dà méjì jẹ́ ìlọ́po 89. COVID náà tún fi hàn wá lọ́dún 2020, àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà tí COVID ò tiẹ̀ dà láàmú púpọ̀, ká ṣáà dédé rí i pé pùròtéènì ń ya nínú ìtọ̀ wọn, kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n yẹ jíìnì wọn wò, ẹ̀dà méjì ló wà lára èyí tó pọ̀ jù. Ohun tó fà á ni pé tí àrùn bá wọlé, ara máa ń tú interferon jáde láti bá a jà, interferon yẹn á wá pàṣẹ fún APOL1 pé kó máa ṣe pùròtéènì jáde wìtìwìtì. Ìyẹn ni pé ẹni tó ní HIV tó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, kíndìnrín ẹ̀ náà ló ń gbà là, bóyá wọ́n sọ fún un ní kílíníìkì ni o, bóyá wọn ò sọ.

Tí ẹ bá bi mí pé àmì wo ni kéèyàn wá máa wò báyìí, ìtọ̀ ni. Pépà tín-ínrín tí nọ́ọ̀sì máa ń rì bọnú ìtọ̀ yẹn, ó ní àwọn àmì kéékèèké onírúurú àwọ̀ lára, èyí tó jẹ́ ti pùròtéènì máa ń jẹ́ yẹ́lò. Tí pùròtéènì bá wà nínú ìtọ̀, yẹ́lò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé, bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa ṣú tó, nọ́ọ̀sì á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ tó wà lára ìgò ẹ̀, á kọ plọ́ọ̀sì kan tàbí méjì sínú káàdì. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ṣe é nígbà oyún tàbí nígbà tí wọ́n fẹ́ gbani síṣẹ́, a ò tiẹ̀ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yíyẹ jíìnì wò, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíndìnrín lónìí ló sì ń sọ, nígbà tí jíìnì ń sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìtọ̀ tó ń hó bí ìgbà téèyàn da ọṣẹ sí i, tí hóhó ẹ̀ ò lọ bọ̀rọ̀, kéèyàn má fi ṣeré.

Ẹni tí plọ́ọ̀sì méjì ti wà nínú ìtọ̀ ẹ̀, tí kò sì ní ìtọ̀ ṣúgà, òun gan-an ni jíìnì yìí lè sọ nǹkan gidi fún. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín wọn jẹ́, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Nínú àwọn tó ní ẹ̀dà méjì, 58 nínú 100 ni kíndìnrín wọn burú sí i gan-an, ti àwọn yòókù jẹ́ 37, ìyàtọ̀ yẹn ò sì lọ kódà lára àwọn tí wọ́n kápá BP wọn. Ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ dókítà máa rò ó báyìí pé lára ẹlòmíì, kíndìnrín ló kọ́kọ́ bàjẹ́, BP ló tẹ̀ lé e, a kàn ti ń ka ìtàn ẹ̀ láti ẹ̀yìn wá ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oògùn. Ihò tí APOL1 máa ń dá sí kòkòrò lára yẹn, àṣé G1 àti G2 lè dá irú ẹ̀ sára àwọn sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín wa pẹ̀lú, pàápàá àwọn tó máa ń di pùròtéènì mú kó má bàa bá ìtọ̀ lọ. Opeyemi Olabisi (orúkọ ọ̀hún ti sọ ilé tó ti wá) àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn lọ́dún 2016 pé pòtásíọ̀mù ló máa ń jò jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á dààmú, á kú. Sẹ́ẹ̀lì tí mò ń sọ yìí kì í sì í rọ́pò ara ẹ̀ bí awọ ara ṣe máa ń ṣe, èyí tó bá lọ ti lọ nìyẹn, àpá ló máa jókòó síbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ihò ni wàhálà, ẹ jẹ́ ká dí ihò. Nǹkan tí ilé iṣẹ́ Vertex tó wà ní Boston ṣe nìyẹn, wọ́n pe oògùn wọn ní inaxaplin, oníhóró tí wọ́n ń gbé mì ni. Èsì àkọ́kọ́ jáde ní March 2023, orúkọ Ogo Egbuna ló ṣáájú lórí ìwé náà. Èèyàn 16 tí wọ́n ní FSGS àti ẹ̀dà méjì ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n fi lò ó, nínú àwọn 13 tí wọ́n lò ó dáadáa, pùròtéènì tó ń jò sínú ìtọ̀ wọn fi 47.6 nínú 100 wálẹ̀.

Ó wú èèyàn lórí, àmọ́ èèyàn 13 ni o. Kò sí àwọn kan tí wọ́n fún ní hóró òfìfo ká fi wọ́n wé ara wọn, kí pùròtéènì sì dín kù nínú ìtọ̀ ò tíì túmọ̀ sí pé kíndìnrín ò ní kú mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ èyí tó tóbi, AMPLITUDE, níbi tí àwọn kan ti ń lo oògùn gidi tí àwọn kan ń lo òfìfo, tí wọ́n á sì wo bí kíndìnrín fúnra ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lóṣù dé oṣù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oògùn ti wà lọ́jà Ìdúmọ̀tà, ẹ má fún un lówó.

Kí ló dé tí mo fi wá ń sọ pé ó dáa sí láti fi ṣe oògùn? Ohun méjì ni, àwa èèyàn ò sì ṣe wọ́n, ayé ló ṣe wọ́n fúnra ẹ̀. Àgbẹ̀ kan wà ní India tí trypanosome ẹran ọ̀sìn wọ̀ lára, nǹkan tí kì í ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, APOL1 ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ rárá, ẹ̀dà méjèèjì ló bàjẹ́. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, ara ẹ̀ yá, kíndìnrín ẹ̀ sì wà digbí. Ìyẹn ni pé èèyàn lè wà láyé láìsí APOL1 kí kíndìnrín ẹ̀ má bínú. Èkejì ni ìyípadà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní N264K tó máa ń wà lórí G2 lára àwọn èèyàn díẹ̀. Ẹni tó bá ní i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà méjì ló wà lára ẹ̀, ewu ẹ̀ máa ń wálẹ̀ di bíi ti ẹni tí kò ní, torí pé N264K máa ń ba ihò yẹn jẹ́. Oògùn tó ń dí ihò kàn fẹ́ ṣe bíi ti N264K ni. Kì í sábà rọrùn báyìí fún àwọn tó ń wá oògùn o.

Àmọ́ àgbẹ̀ India yẹn náà ló ń rán wa létí ohun tí jíìnì yìí wà fún. Tí a bá dí APOL1 pa lára ẹni tó ń gbé Boston, eṣinṣin wo ló fẹ́ jẹ ẹ́? Ẹni tó ń gbé nínú igbó tí tsetse wà ńkọ́? Àìsàn oorun ti dín kù gan-an lóòótọ́, láti 2018, àwọn tí wọ́n ń rí lọ́dún kan káàkiri Áfíríkà ò tó 1,000, Togo tiẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ WHO lọ́dún 2020 pé wọ́n ti kápá ẹ̀. Síbẹ̀, trypanosome màlúù ò lọ síbì kankan. Ìbéèrè yìí ò jọ ìbéèrè ńlá ní Amẹ́ríkà, níbí ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dáhùn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fífi kíndìnrín tọrẹ náà wà níbẹ̀. Ní ti APOL1, jíìnì ẹni tó fi kíndìnrín sílẹ̀ ló máa ń nípa lórí bí kíndìnrín yẹn á ṣe pẹ́ tó, ju ti ẹni tó gbà á lọ. Kíndìnrín tó bá ti ara ẹni tó ní ẹ̀dà méjì wá máa ń tètè bàjẹ́ ju àwọn yòókù lọ, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní APOLLO ń lọ lórí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ẹ̀gbọ́n bá nílò kíndìnrín, àbúrò la máa ń pè, ìyẹn ẹni tí bàbá àti ìyá kan náà bí, tó ṣeé ṣe kó ní ẹ̀dà méjì yẹn bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Èmi ò sọ pé kí àbúrò má fi sílẹ̀ o. Mò ń sọ pé irú àbúrò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yẹ jíìnì ẹ̀ wò kó tó gun orí bẹ́ẹ̀dì, àgàgà tí kò bá tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Kì í ṣe inaxaplin nìkan ló wà lójú ọ̀nà. Olabisi tí mo dárúkọ yẹn ló wà nídìí ìdánwò JUSTICE ní Duke, níbi tí wọ́n ti ń lo baricitinib, oògùn làkúrègbé tó ti wà tipẹ́, láti fi pa ariwo interferon lẹ́nu mọ́ kí APOL1 má bàa máa pọ̀ sí i. AstraZeneca náà ń wá ọ̀nà tí ara ò fi ní ṣe pùròtéènì ọ̀hún jáde rárá. Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan kan: èèyàn ò lè wọ ìdánwò inaxaplin láìjẹ́ pé wọ́n yẹ jíìnì ẹ̀ wò tí wọ́n sì rí ẹ̀dà méjì níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin yẹn, gbogbo ayé ló gbà pé ẹyọ kan ò ṣe nǹkan. Ní báyìí, ìwádìí wa ti sọ pé ó ń ṣe nǹkan, àwọn 43 nínú 100 tó ní ẹyọ kan lọ́dọ̀ wa, kò sí wọn nínú àwọn tí wọ́n ń dán oògùn yẹn wò lára wọn.